Ìwé Ilé àti Okùn Màmá

Èmi ni ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹjọ́ obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nìkan ni mò ń rò, mo fi tèmi pa mọ́. Orúkọ mi wà ní ìsàlẹ̀ ìwé ilé yẹn, ìbuwọ́lùwé mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ohun tí mi ò kà.

Yàrá kan náà la ti jọ ń ṣiṣẹ́, èmi àti obìnrin tí gbogbo òpópónà wa ń pè ní Ọwọ́-ò-sinmi. Òun ń tẹ ìwé fún àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn onílé, èmi ń gbẹ́ òǹtẹ̀, mo sì ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Tábìlì tirẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, tèmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, nítorí náà Àǹtí ni mo ń pè é. Tí kò bá tẹ ìwé, á máa to bébà. Tí bébà bá tán, á máa nu tábìlì tó ti nù láàárọ̀. Orúnkún rẹ̀ kì í dúró lójú kan lábẹ́ tábìlì, ilẹ̀ pákó yàrá wa sì ń gbé ìmìtìtì náà wá bá mi níbi tí mo ti ń fi abẹ gbẹ́ lẹ́tà wẹ́wẹ́. Mo ti bá a jà lórí orúnkún yẹn títí ó fi sú mi.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wọn tó yẹ kí n sọ fún yín, torí inú rẹ̀ ni wàhálà ti jáde. Atẹ̀wé gidi kì í ka ohun tó ń tẹ̀. Ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ a máa dúró lẹ́yìn àwọn ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́. Ojú lórí ìwé, ọwọ́ lórí bọ́tìnnì, ọkàn níta. Tí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ, ìyá náà ti mọ̀ pé ó ń kà á nìyẹn, rúlà á sì bà á léjìká. Ó ní àṣírí oníwèé ni, kò kan atẹ̀wé. Ó tún ní ẹni tó bá ń kà á á máa tẹ ohun tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ dípò ohun tó wà níbẹ̀. Ó jọ pé òótọ́ ni, torí ìwé tí Ọwọ́-ò-sinmi bá tẹ̀ kì í ní àṣìṣe, àwọn agbẹjọ́rò a máa ti òkèèrè wá bá a. Ó ti tẹ ìwé àdéhùn ilé tó lè kún yàrá. Ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú ẹyọ kan, á máa wò yín.

Nígbà tí òun náà wá fẹ́ gba ilé, bàbá onílé fi pẹ́ẹ̀nì kọ àdéhùn sórí bébà, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní, "Ìwọ kúkú ni atẹ̀wé. Tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ." Ojú ìwé mẹ́ta, abala mẹ́rìnlá. Láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti parí ẹ̀. Bàbá buwọ́ lù ú, òun náà buwọ́ lù ú, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Mo ń gbẹ́ òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́, mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi tutù, mo kàn nawọ́, mo buwọ́ lù ú, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí kì í ṣe ọ̀bẹ ńkọ́? Mi ò ní àwáwí kankan.

Torí ìyá rẹ̀ ló ṣe fẹ́ràn ilé yẹn. Ojú Màmá ti fọ́ nígbà náà. Ilé náà kò ní àtẹ̀gùn, kò ní òkìtì lẹ́nu ọ̀nà, yàrá rẹ̀ sì tò tẹ̀ léra wọn lọ́nà tó yé ènìyàn. Ìṣísẹ̀ méje láti ibùsùn Màmá dé ẹnu ọ̀nà yàrá, mọ́kànlá láti ibẹ̀ dé ilé ìwẹ̀, mẹ́sàn-án dé ilé ìdáná. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kó wọlé ni Ọwọ́-ò-sinmi ra okùn búlúù, ó kan án mọ́ ara ògiri yí gbogbo ilé ká, níbi tí ọwọ́ Màmá máa ń wà tó bá ń rìn. Ó ta kókó kan síbi tí ilé ìwẹ̀ wà, kókó méjì sí ilé ìdáná, kókó mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà ìta. Bàbá onílé wá kí wọn nígbà kan, ó rí okùn náà, ó fà á wò, ó ní ó le dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀rọ̀ kù sí i.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá náà kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo gba ilé. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ajogún, kò sì bínú sí i rí, torí kò mọ̀. Ó wá wo ilé lẹ́ẹ̀kan, ó wọn yàrá pẹ̀lú ojú, ó ya fọ́tò ògiri. A rò pé ó fẹ́ kùn ún ní ọ̀dà ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́tà dé sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé náà kò gùn. "Ẹ ti rú abala kẹsàn-án nínú ìwé àdéhùn ilé wa nípa ohun tí ẹ ṣe sí ara ògiri. Ẹ kó jáde kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé." Ọwọ́-ò-sinmi dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ṣí fèrèsé, ó tì í. Ó wá mú ìwé oníbàárà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, n kò sì gbọ́ ìró bọ́tìnnì tó yára tó báyẹn rí láyé mi. Lọ́jọ́ kejì, agbẹjọ́rò dá ìwé yẹn padà. Àṣìṣe mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn ò wọ́n ní òpópónà wa. Aránbàtà tó wà ní òdìkejì sọ pé ilé onílé ni, tó bá ní kí ènìyàn jáde, kí ènìyàn jáde. Obìnrin tó ń ta ìwé ìkọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà, kí n má purọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló wà nínú abala kẹsàn-án. A ń lé eku, a ò wo inú ihò.

Ọwọ́-ò-sinmi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé kiri. Kò lè jókòó jẹun, kò lè parí gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀, á ti gbé báàgì. Mo bá a lọ wo mẹ́ta nínú àwọn ilé náà torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ mí lóminú. Èkínní wà lókè, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún. Èkejì ní ọ̀nà tóóró kan tí ìdílé mẹ́fà ń gbé garawa sí. Ní ẹ̀kẹta, ó dúró láàárín yàrá tó ṣófo, ó di ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin." Ó fi iwájú orí gbá férémù ilẹ̀kùn. Ejẹ́ǹtì tó mú wa wá rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara Àǹtí yìí yá báyìí?"

Mo ní, "Ara tiwọn yá. Ilé yín ni ara ẹ̀ ò yá."

Ọ̀nà ilé la wà tí mo fi bi í. "Àǹtí, kí ló tiẹ̀ wà nínú abala kẹsàn-án yẹn?"

Ó wò mí. "Ṣebí ìwọ lo jẹ́rìí sí i?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?"

A dúró lẹ́bàá títì, à ń wo ara wa bí ẹni méjì tí kálukú rò pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ojú tì mí, mi ò ní tàn yín. Ó ní ìwé náà wà nínú àpótí Màmá, pé òun ò fẹ́ yọ ọ́ torí òun ò tíì sọ fún Màmá. Mo sọ fún un pé tí kò bá lọ yọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, èmi á wá yọ ọ́.

Mo lọ lóòótọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Mo bá Màmá lórí àga rẹ̀ nítòsí fèrèsé, ó ti gbé àpótí sórí itan, ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́-ò-sinmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi ṣúgà.

Màmá ní, "Ìwọ ni Olóǹtẹ̀ nìyẹn. Ìwọ náà sún mọ́bí. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọmọ yìí ti ń rìn nínú ilé bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Ó rò pé ojú ni mo fi ń gbọ́ràn. Ó ti jẹ́wọ́ fún mi láàárọ̀ yìí. Ìwé náà rèé."

Ọwọ́-ò-sinmi gba ìwé náà, ó fojú sáré kọjá lórí rẹ̀, ó ní òun ti kà á. Màmá ní kí ló wí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ ń lù lórí itan, wọ́n ń tẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún gbìyànjú. Bákan náà ló rí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó ní, "Màmá, kì í wọlé. Ọwọ́ mi ló ń gbà á."

"Kà á sókè fún mi. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ti ka ẹyọ kan, kó o dúró, kó o sọ ohun tó ní ká ṣe fún mi ní ọ̀rọ̀ ẹnu tìrẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Abala kìíní ni orúkọ wọn. Abala kejì sọ pé ọdún méjì-méjì ni àdéhùn náà, pé tí ọdún méjì bá pé tí ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé, ó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn nìyẹn. Pé ẹni tó bá fẹ́ kó parí gbọ́dọ̀ kọ̀wé nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta. Àti pé ẹni tó bá jogún ilé jogún àdéhùn náà pẹ̀lú. Mo ṣírò rẹ̀ sínú. Oṣù mẹ́jọ ṣì kù kí ọdún méjì ẹlẹ́ẹ̀kejì tó pé. Abala karùn-ún ní onílé ni yóò máa tún òrùlé ṣe.

Màmá dá a dúró. "Ta ló tún òrùlé ilé ìdáná ṣe nígbà tó ń jò?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ó dáa. Máa kà á lọ."

Ó dé abala kẹsàn-án. Ó kà á tán, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ayálégbé kò gbọdọ̀ kan ìṣó, kò gbọdọ̀ lu ihò, kò sì gbọdọ̀ so ohunkóhun mọ́ ara ògiri, àyàfi tí onílé bá yọ̀ǹda fún un nínú ìwé. Ayálégbé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò kó jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́."

Gbogbo wa ni okùn búlúù náà yí ká. Ọwọ́-ò-sinmi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ Ẹtì ni mo tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni mo ra ìṣó." Ó ní bàbá rí i, bàbá fà á wò, bàbá rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rín kì í ṣe ìwé. Inú bí mi sí ara mi bí mo ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tí bàbá fi ẹnu gbà, ó gbé e lọ sọ́run.

Ó ká ìwé náà, ó ní òun ń lọ wá páálí tí wọn yóò fi kó ẹrù.

Màmá ní, "Jókòó. Ṣé ibẹ̀ ni ìwé parí sí?"

"Màmá, ó ti parí."

"Mi ò bi ọ́ nípa ọ̀rọ̀ wa. Ìwé ni mo ní. Abala mélòó lo ní ó jẹ́?"

Mẹ́rìnlá ni. Èmi ni mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka abala kẹwàá sókè. "Ṣùgbọ́n onílé gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀bi náà han ayálégbé nínú ìwé. Bí ayálégbé bá tún un ṣe kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé láti ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀, tí ògiri sì padà sí bó ti wà, ọ̀rọ̀ náà ti tán, àdéhùn dúró." Mo tún un kà. Màmá ní kí n sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi. Mo ní, "Ẹ yọ okùn, ẹ dí ihò, kò lè lé yín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti lọ. Ó ku márùn-ún."

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ṣe ló yí padà sí mi bí ẹni pé èmi ni Ajogún. Ó ní òun ò yọ okùn kankan. Ó ní ilé tí ìyá òun ò ti ní ohun tí yóò dì mú, kí ni òun fẹ́ fi ṣe? Ṣé kí òun wà níbi iṣẹ́ kí Màmá máa fọwọ́ tá ògiri kiri? Ó sàn kí wọ́n kó lọ sí ibòmíràn, kí òun kan òmíràn. Mo ní ìwé ibòmíràn á ní abala kẹsàn-án tirẹ̀. Ó ní kí n dákẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bó ṣe rí nínú yàrá yẹn gẹ́lẹ́ nìyẹn, òun ń lọ, òun ń bọ̀, èmi ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Màmá gbé àpótí sílẹ̀. Ó dìde. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó di ọwọ́ kan mú pẹ̀lú èkejì, ó sì jáde ní yàrá. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ilé ìwẹ̀. A gbọ́ tó ṣí omi, tó tì í. A gbọ́ ọ ní ilé ìdáná. Ó padà wá pẹ̀lú ife omi méjì, ó gbé ọ̀kan fún mi níbi tí mo dúró sí, ó gbé èkejì fún ọmọ rẹ̀, kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Kò fọwọ́ kan okùn.

Ó jókòó. "Ó ti lé ní ọdún méjì tí mi ò ti lò ó mọ́."

"Màmá, mo máa ń rí yín. Ọwọ́ yín máa ń wà lórí ẹ̀."

"Tó o bá wà nílé ni. Ọjọ́ kan wà tí mo rìn láìdì í mú lójú rẹ, o sáré wá gbá mi mú, o da omi gbígbóná sára ẹsẹ̀ ara rẹ. Ṣé o rántí? Látìgbà yẹn, tí mo bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wá okùn lọ. Ara rẹ máa ń balẹ̀ díẹ̀ tó o bá rí i bẹ́ẹ̀. Ìwọ lokùn yẹn wà fún, ọmọ mi."

Inú kọ́kọ́ bí Ọwọ́-ò-sinmi. Ó ní, "Ọdún méjì lẹ fi tàn mí?"

"Mò ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún ni."

Ìgbà yẹn ló sunkún. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìta, mo ń wo títì, torí kì í ṣe ibi tí ẹlẹ́rìí ti wúlò.

Ìṣó mẹ́tàlélógójì. Èmi ni mo fa gbogbo wọn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú símẹ́ǹtì funfun nínú abọ́, ó ń dí ihò, ó ń fi ìka gbo ó, ó ń padà lọ gbo èyí tó ti gbo tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́rú a kùn ún ní ọ̀dà. Ní Ọjọ́bọ̀ ó jókòó nídìí ẹ̀rọ láti tẹ èsì. Ó tẹ gbólóhùn kan, ó dúró, ó kà á sókè, ó tẹ òmíràn. Ìwé tí kò ju ìlà mẹ́jọ lọ gbà á ní wákàtí kan. Ó gbé e wá fún mi kí n jẹ́rìí sí i. Mo fi abẹ mi sílẹ̀. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà, òun sì dúró tì mí, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n tábìlì mi. Lẹ́yìn náà ni mo tó buwọ́ lù ú. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ajogún, a ní kí akọ̀wé rẹ̀ buwọ́ lu tiwa pé ó ti gbà á, kó sì kọ ọjọ́ sí i.

Ajogún fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá. Ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọ Màmá ti fẹ́ dìde, Màmá ní kó jókòó. Ó rin ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i. "Ẹ káàbọ̀, bàbá onílé. Ẹ wọlé. Àga wà lọ́wọ́ òsì yín."

Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó wo ògiri ní yàrá, ó lọ wo ti ilé ìwẹ̀, ó fi àtàǹpàkò gbo ibì kan. Ó bi wá níbo ni okùn wà. Màmá ní wọ́n ti ká a, pé ó wà nínú àpótí, tó bá fẹ́ kí òun fi hàn án. Ó ní rárá. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó sáré dé ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ sì ti lọ.

Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ lo ilé yìí ni."

Màmá ní, "Mo gbọ́. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ ka abala kejì. Nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí wa, a ó wá ibòmíràn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá yín ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. "Abala karùn-ún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bá wa wo òrùlé ilé ìdáná."

Ó dúpẹ́, kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún, ó ní òun ń lọ. Ọwọ́-ò-sinmi dìde láti sìn ín dé ìta. Ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó gbé èkejì, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀ tó nà sí ẹ̀gbẹ́, tó ń fà lára ògiri tuntun náà, tó ń lọ sókè, tó ń lọ sísàlẹ̀, tó ń wá nǹkan.

Màmá gbọ́ ìró ọwọ́ náà lára ọ̀dà. Ó yí orí síbẹ̀.

Ó ní, "Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ló kù dé ẹnu ọ̀nà. Máa lọ."